Jíìnì WAS

WAS jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jíìnì ènìyàn tó ń darí áktìnì, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó dúró bí òpó àti igi àjà nínú sẹ́ẹ̀lì. Apá kúkúrú krómósómù X ló wà, ní Xp11.23. Prótéìnì tó ń ti ara rẹ̀ wá, WASP, ní ámínò ásíìdì 502, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. N-WASP, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ara.

Bí iṣẹ́ kò bá sí, WASP á ká jọ, ìrù rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀. Bí a bá fọwọ́ kan ọ̀kùn, ńṣe ló ń ká. Ti WASP yàtọ̀, ìgbà tí prótéìnì Cdc42 bá fọwọ́ kàn án ló ń nà. Ìrù tó ti bọ́ yìí á di Arp2/3, àkójọpọ̀ prótéìnì kan, mú, Arp2/3 á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán áktìnì àtijọ́, ẹ̀ka tuntun á sì yọ níbẹ̀, ní nǹkan bíi ìwọ̀n dígírì 70. Bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lórí ẹ̀ka, wọ́n ń ti awọ sẹ́ẹ̀lì síwájú. Báyìí ni sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń rá lọ bá kòkòrò àrùn.

Lọ́dún 1937, Alfred Wiskott, dókítà àwọn ọmọdé ní Jámánì, kọ nípa ọmọkùnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà: ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, èélá bò wọ́n, etí wọn ń ṣọyún. Kò sí ohun tó ṣe àwọn arábìnrin wọn. Lọ́dún 1954, Robert Aldrich ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀dọ̀ ìyá ni àìsàn náà ti ń wá. X kan ṣoṣo ni ọkùnrin ní, kò ní èkejì tó lè gbà á sílẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́ náà gan-an, ìyẹn WAS.

Àmì kan tó ń ya àìsàn Wiskott-Aldrich sọ́tọ̀ ni pé àwọn pẹlẹ́ẹ̀tì, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kò pọ̀, wọ́n sì tún kéré ju bó ti yẹ lọ. Fífi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn sí aláìsàn lára lè wò ó sàn; ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fún àìsàn yìí.

Àyípadà mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì: WASP ò sọnù, ṣùgbọ́n kò lè ká jọ mọ́. Iṣẹ́ ṣáá ló ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni nútírófìlì, ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì funfun kan, á wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.