Ẹ Tẹ̀ Ẹ́, Àmọ́ Ẹ Mọ Èyí Tí Ẹ Ń Tẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Update Fóònù

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, kì í ṣe ti gíláàsì tó fọ́, kì í ṣe ti ṣájà tí kò wọlé mọ́. Update ni, àtúnṣe tí àwọn tó ṣe fóònù máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Èèyàn á na fóònù sí mi, á ní, "Bọ̀dá, wọ́n ní update dé. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ àbí kí n fi í sílẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti pinnu nílé pé àwọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń jẹ dátà, pé ó máa ń sọ fóònù di ọ̀lẹ, pé ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe fóònù ń dá ni kí èèyàn lè lọ ra tuntun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó yín ní báńkì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Oríṣi méjì ni update. Èkíní ń dí ihò tí olè lè gbà wọ inú fóònù. Òun ni fóònù ń pè ní security update. Kì í sábà yí ojú fóònù padà, ẹ lè ṣe é tán kí ẹ má rí ìyàtọ̀ kankan. Èkejì ló ń gbé fóònù kúrò lórí Android kan bọ́ sórí òmíràn, bíi láti 14 sí 15, òun ló ń yí ojú ibi gbogbo padà. Tí èyí tó ń dí ihò bá dé, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Èkejì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń lo irú fóònù yín ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn tó ní kí ẹ máa gba gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ àti àwọn tó ní kí ẹ má gba ọ̀kankan, mi ò bá apá kankan lọ nínú wọn.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èèyàn ló kọ iṣẹ́ tí fóònù ń ṣe, èèyàn a sì máa ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe náà ni ihò tí olè ń gbà wọlé. Láti 2015 ni Google ti ń kéde àwọn ihò tí wọ́n rí nínú Android lóṣooṣù, pẹ̀lú àtúnṣe wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé olè náà ń ka ìkéde yẹn. Ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde ni gbogbo ayé mọ ibi tí ògiri ti lanu, láti ọjọ́ náà lọ sì ni fóònù tí kò gba àtúnṣe ti wà nínú ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo ayé ló sì rí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows. Kò tíì pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, tí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry fi gba ihò yẹn gan-an wọlé. Ó ti fáìlì mọ́ àwọn tó ni ín lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n sanwó kóun tó ṣí i. Kọ̀ǹpútà tó mú lé ní 200,000, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n sì ní kí àwọn aláìsàn kan máa lọ sílé. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe oṣù Kẹta yẹn, kòkòrò náà ò rí i gbé ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé ti oṣù Keje 2024 wá ńkọ́. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, fi fáìlì kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, báńkì àti ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Iṣẹ́ ààbò ni wọ́n pè é, òun náà ló sì ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀bi wà: wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pọ̀, wọn ò kọ́kọ́ fún àwọn díẹ̀ kí wọ́n wò ó. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ṣèlérí pé ìpele-ìpele làwọn á máa pín in.

Ìpele-ìpele náà ni àwọn tó ń ṣe fóònù sábà máa ń fi pín tiwọn. Ìdí nìyẹn tí fóònù aládùúgbò yín fi lè gba update lónìí kí tiyín, tó jẹ́ irú kan náà, má rí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù yín ò bàjẹ́. Wọ́n ń wo bí ti àwọn àkọ́kọ́ ṣe ń ṣe sí ni.

Níbo gan-an ni update ti ń wá? Inú data center ni, ilé ńlá tí wọ́n to ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà sí lórí àgbékọ́ irin, tí amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún tọ̀sán-tòru. Irú rẹ̀ wà nílùú Èkó níbí, ní Lẹ́kì àti ní Ìkẹjà. Àwọn tó ń bójú tó ìsopọ̀ níbẹ̀ ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe ohun gbogbo. Àgbékọ́ kan á ní switch méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe update fún ọ̀kan, wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lé èkejì lórí, wọ́n á ṣe é, wọ́n á dán an wò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀, ìsopọ̀ kékeré tó dá dúró, tí wọ́n lè gbà wọlé tí ọ̀nà iwájú bá dí.

Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá dí, ariwo á ta. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Facebook ń tún ìsopọ̀ tó so àwọn data center wọn pọ̀ ṣe, àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ já gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀nà ẹ̀yìn náà ò ṣiṣẹ́, ó di kí àwọn ẹnjiníà fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sínú ilé ẹ̀rọ, àtiwọlé gan-an sì pẹ́ nítorí ààbò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE. App báńkì ń yí bìrípó láìṣí. Tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa app yín rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ "flash" fóònù, ìyẹn kó nu inú rẹ̀ kó tún un kọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Àṣà méjì-méjì yẹn ti wọ inú fóònù náà. Láti Android 7, tó jáde ní 2016, ni Google ti fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí fóònù fi ń kọ update tuntun sí apá kejì nígbà tí ẹ ṣì ń lo ti àtijọ́. Tí tuntun bá kọ̀ láti tan, á padà sórí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló ń lò ó báyìí. Ẹ̀rù tó ń ba wa pé iná lè lọ, kí bátìrì kú láàárín update kí fóònù sì di òkúta, ti dín kù gan-an. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí bátìrì lé ní ìdajì, kí ẹ sì fi power bank gbè é lẹ́sẹ̀, torí fóònù àtijọ́ ò ní apá kejì yẹn.

Ní ti dátà, àtúnṣe ààbò kì í sábà pọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ọgọ́rùn-ún MB lọ́nà mélòó kan ni. Android tuntun ló lè lé ní 2GB. Ẹ ra dátà òru, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó máa fà á nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Ibi tí wàhálà ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn mi gan-an, kì í ṣe update. Gmail ni. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Èbúté gbé fóònù wá fún mi. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, Gmail wo lẹ fi ṣí i?" Wọ́n ní, "Ọmọ tó tà á fún mi ló bá mi ṣe gbogbo ẹ̀. Ṣé wọ́n ń sọ ìyẹn fún èèyàn ni?" Mo ṣí Settings, mo wọ Accounts: orúkọ tí ìyá ò gbọ́ rí, pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ password. Nọ́ńbà gbogbo àwọn oníbàárà wọn, láti Ṣàgámù dé Mile 12, orí rẹ̀ ló wà. Tí fóònù yẹn bá sọnù, wọn ò ní rí nọ́ńbà kan gbà padà. Tó bá bàjẹ́ tí wọ́n sì ní láti nù ún mọ́ tónítóní, Gmail tí kò sẹ́ni tó mọ̀ yẹn ló máa béèrè kó tó ṣí, èèyàn á wá rò pé update ló pa á.

A ṣí Gmail tuntun lórúkọ ìyá, pẹ̀lú nọ́ńbà tiwọn. Ọmọ wọn obìnrin kọ password náà sẹ́yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, èyí tí ìyá kì í jẹ́ kó jìnnà sí wọn. A kó gbogbo nọ́ńbà lọ sórí rẹ̀, a wọ WhatsApp, Settings, Chats, Chat backup, a fi pamọ́ síbẹ̀, a sì yọ ti ọmọ yẹn kúrò. Ìgbà yẹn la tó tẹ update. Ẹ̀yin náà, ẹ wo tiyín lónìí. Tí ẹ ò bá mọ Gmail tó wà lórí fóònù yín, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ fi máa tún ìyẹn ṣe.

Tí update bá ti wọlé, fóònù lè gbóná, bátìrì sì lè tètè tán fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó ń tún app to lábẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ṣe sùúrù fún un kí ẹ tó pariwo. Àwọn tó ń fura pé update ń mú fóònù lọ́ra náà ò jẹ̀bi tán, torí ní oṣù Kejìlá 2017 ni Apple fẹnu ara rẹ̀ gbà pé update kan mú iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó rọra ṣiṣẹ́, kó má baà máa kú lójijì. Bátìrì tuntun ló mú un padà sípò, Apple sì mú owó rẹ̀ wálẹ̀ nígbà náà láti 79 dọ́là sí 29. Tí fóònù yín bá ti pé ọdún mẹ́ta tó ń falẹ̀, ẹ yẹ bátìrì wò kí ẹ tó bú update.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù, kí ẹ tó bèèrè kámẹ́rà, ẹ bèèrè ọdún mélòó ló kù tí wọ́n á fi máa fún un ní àtúnṣe ààbò. Fún mi, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwa tó ń ta fóònù kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní 2023, Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024. iPhone 6s tó jáde ní 2015 ṣì gba àtúnṣe ààbò ní 2024. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà wa ò ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó dáa, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò bá tíì pọ̀ jù. Láti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2025, WhatsApp ò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí iPhone tí iOS rẹ̀ (ohun tó dúró bí Android lórí iPhone) kéré sí 15.1, èyí ló mú iPhone 6 kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní business center, Windows 10 tiyín náà: ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún un.

Inú Settings ni update fóònù ti ń wá, inú Play Store tàbí App Store ni ti app. Èyí tó bá gba ojú SMS wá, tàbí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ẹ tẹ líǹkì láti ṣe update app báńkì yín, gbájúẹ̀ ni. GBWhatsApp àti irú rẹ̀ kì í ṣe ti WhatsApp. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tí ẹ fi ń gbowó.

Ẹ wọ Settings, ẹ wá About phone, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà níwájú Android security update. Tó bá ti lé ní ọdún kan, tí Settings sì ní kò sí tuntun mọ́, fóònù yẹn ṣì lè gbọ́ rédíò, ó lè pe èèyàn. Ẹ gbé app báńkì kúrò lórí rẹ̀ lọ sórí èyí tó ṣì ń gba àtúnṣe, ẹ̀yin oníPOS pàápàá, kódà kó jẹ́ fóònù ọmọ yín lẹ máa yá lò fún ìyẹn ná.