Bí Àwọn Atukọ̀ Polynesia Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Lórí Òkun Láìní Kọ́ńpáàsì

Iṣẹ́ atukọ̀ ni mo ń ṣe, àwọn ènìyàn sì máa ń bi mí bí àwọn ará erékùṣù Polynesia àtijọ́ nínú òkun Pàsífíìkì ṣe dé Hawaii, Rapa Nui (Easter Island) àti New Zealand láìní kọ́ńpáàsì tàbí máàpù. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ rí pé ìjì àti omi ni ó kàn gbé wọn lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi kọ̀ǹpútà ṣírò afẹ́fẹ́ àti ìṣàn òkun Pàsífíìkì ní ọdún 1973, ó hàn pé ọkọ̀ tí a kàn jọ̀wọ́ fún omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dé ìkankan nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ìràwọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ wọn. Ọ̀gangan kan náà ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti máa ń yọ lálaalẹ́. Bí èyí tí atukọ̀ kọjú sí bá sì ti ga jù, yóò mú òmíràn tí ó yọ tẹ̀lé e níbẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Arcturus, tí àwọn ará Hawaii ń pè ní Hōkūleʻa, máa ń gba òkè orí ẹni tí ó bá wà ní Hawaii kọjá gan-an. Atukọ̀ tí ó ń ti Tahiti, erékùṣù kan ní gúúsù Hawaii, bọ̀ kì í dojú kọ Hawaii tààrà: yóò mọ̀ọ́mọ̀ gba apá ìlà oòrùn rẹ̀, nígbà tí ìràwọ̀ yìí bá sì dé òkè orí rẹ̀, yóò yà sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí ó dá a lójú pé apá ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí púpọ̀.

Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìgbì ni ó kù, pàápàá ìgbì gígùn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kì í tètè yí ojú padà. Àgbà atukọ̀ lè dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ó sì ti ara bí ọkọ̀ ṣe ń mì mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣìnà. Nígbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀, wọn a máa wo àwọn ẹyẹ tí ń fò padà sí erékùṣù wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ìmọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Hawaii nígbà tí Mau Piailug, ọmọ erékùṣù Satawal ní Micronesia, fi tọ́ ọkọ̀ tí a fi orúkọ ìràwọ̀ Hōkūleʻa pè láti Hawaii dé Tahiti ní ọdún 1976, ìrìn nǹkan bí 4,000 kìlómítà. Ó padà wá kọ́ Nainoa Thompson, ọmọ Hawaii, ẹni tí ó tọ́ ọkọ̀ kan náà lọ sí Tahiti, tí ó sì tọ́ ọ bọ̀, ní ọdún 1980.