Kí ni CFM tí wọ́n kọ sára húùdù ilé ìdáná?

Bí wọ́n bá ń din ata nínú ilé ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ẹni tó jókòó ní pálọ̀ náà á wúkọ́. Òórùn irú á lẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì di ọjọ́ kejì. Láyé àwọn bàbá wa, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná máa ń wà, èéfín sì ń gba àlàfo abẹ́ òrùlé jáde. Nígbà tá a gbé e wọ inú ilé, tá a fi síílìn bo orí rẹ̀, èéfín kò rí ọ̀nà mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́lé tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń ra húùdù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè kúkà gáàsì. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń ná lé e. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́ta tó wà lára páálí rẹ̀ yé yín kẹ́ ẹ tó sanwó: CFM.

Iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè fà jáde ní ìṣẹ́jú kan ni CFM (cubic feet per minute) ń sọ. Ẹ wo páálí kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ ni ẹyọ kan. Húùdù tí wọ́n bá pè ní 400 CFM, irú páálí bẹ́ẹ̀ 400 ló ń kó jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Ṣáínà àti Yúróòpù wá kì í kọ CFM, m³/h ni wọ́n ń kọ, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi mítà wọ̀n ní wákàtí kan. Ẹ fi 1.7 pín in. Èyí tí wọ́n kọ 1000 m³/h sí lára kò ju nǹkan bíi 590 CFM lọ, nítorí náà ẹ má rò pé ó ju èyí tó jẹ́ 700 CFM. Bí ọlọ́jà bá sì ń pariwo wáàtì fún yín, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ló ń sọ, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó ń fà.

Èló ni yóò tó yín? Ìṣirò méjì ni ẹ máa ṣe, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti yàrá. Bí ilé ìdáná bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní 10, tó ga ní 9, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn: 1,080. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ yẹn pààrọ̀ nígbà 15 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ fi 4 pín 1,080, ẹ ó rí 270.

Ìkejì jẹ́ ti iná, òun gan-an ló sì sábà máa ń borí. Ẹ wo ìwé tó bá kúkà wá, ẹ ro agbára gbogbo ojú iná pọ̀. Kílówáàtì kan ń béèrè nǹkan bíi 34 CFM. Kúkà olójú márùn-ún tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 11.5 ń béèrè nǹkan bíi 390. Bó bá jẹ́ BTU, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wọn agbára iná, ni wọ́n kọ, ẹ kàn yọ òdo méjì kúrò lẹ́yìn: 39,000 di 390. Húùdù 400 ló tó irú ilé bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe ojoojúmọ́ lèèyàn ń tan ojú márààrún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìnáwó, tí gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata àti omi àmàlà bá jọ wà lórí iná, ọjọ́ náà gan-an lẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀. Bí kúkà bá dá dúró láàárín yàrá, tí kò fara ti ògiri, ẹ fi ìdajì lé e, torí kò sí ògiri tí yóò darí èéfín sókè.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni páìpù. Nọ́mbà ara páálí, ibi tí kò ti sí páìpù gígùn ni wọ́n sábà ń wọ̀n ọ́n. Húùdù 400 ń fẹ́ páìpù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ íńṣì 6, ó kéré tán. Tó bá ti di 600 sókè, íńṣì 8. Ohun tí bíríkìlà máa ń fẹ́ lò ni páìpù PVC íńṣì 4 tó ṣẹ́ kù níbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú ihò íńṣì 4 kò tó ìdajì ti ihò íńṣì 6. Ẹ̀rọ á máa ké, èéfín á sì dúró. Yàtọ̀ sí èyí, ooru ń mú kí PVC rọ̀, bí ọ̀rá inú rẹ̀ bá sì gbiná, òun náà á jó. Páànù tí wọ́n ká bíi páìpù ló dára jù. Páìpù alárọ́pọ̀ tó ń fà bíi rọ́bà ń gba ọ̀rá sínú ìkákò rẹ̀, á sì máa dá afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀yìn ògiri jáde tààrà bó bá ṣeé ṣe, kí kọ̀rọ̀ rẹ̀ má ju méjì lọ. Ẹ má tú u sínú síílìn láé: ọ̀rá á bo igi òrùlé àti wáyà iná, ìjàǹbá iná nìyẹn.

Lẹ́nu páìpù níta, ẹ fi ìdérí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde, kí atẹ́gùn ọyẹ́ àti alángbá má baà wọlé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kọ́ o. Ọ̀rá á dí ojú rẹ̀ pátápátá.

Afẹ́fẹ́ tó jáde gbọ́dọ̀ rí arọ́pò. Ẹ fi ẹnu bo ẹnu ìgò omi, kẹ́ ẹ máa fà á: láìpẹ́ omi ò ní wá mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé aluminíọ̀mù rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ ṣí fèrèsé kan tó jìnnà sí kúkà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kọ́, torí òun á fẹ́ èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kó tó dé ẹnu húùdù.

Ẹ gbé húùdù kọ́ sókè iná ní sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75, kí fífẹ̀ rẹ̀ má dín sí ti kúkà. Oríṣi kan wà tí kò ní páìpù, tó ń gba èéfín kọjá lára èédú, tó sì ń dá a padà sínú yàrá. Òórùn nìkan ló ń dín kù. Ooru, ọ̀rinrin àti májèlé iná gáàsì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń lo gáàsì kò yẹ kó rà á. Lóṣooṣù, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ asẹ́ irin húùdù yín. Epo pupa ń yára dí i. Bí iná NEPA bá rẹlẹ̀, ẹ̀rọ ò ní yí dáadáa, CFM á sì wálẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ dí fèrèsé ilé ìdáná pa nítorí pé ẹ ti ra húùdù.

Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá parí, kó tó gbowó ìyókù, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ ṣáná sí ìṣáná kan, ẹ pa á, kẹ́ ẹ di èéfín rẹ̀ mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iná tó wà níwájú. Ó yẹ kó tẹ̀ lọ sínú húùdù. Bó bá yà sójú yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ tún un wò. Bó bá ṣì ń yà, ẹ ní kó tú páìpù, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.