Ohun Tí Ẹ Kò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ọmọ Yín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì kan fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Òṣogbo níbí lọ sí Gánà, ìyá kan fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ike oògùn kékeré kan bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi máa fún un lálaalẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tíṣà mọ̀ o." Oògùn wárápá ni. Fọ́ọ̀mù ìlera ọmọ náà wà nínú fáìlì tí mo há sí abíyá. Níbi tí a ti béèrè bóyá ó ní àìsàn kankan, ìyá yìí kan náà ti kọ "Rárá" síbẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ó kúkú sọ fún ẹnì kan. Ọmọ tó ní wárápá lè bá wa lọ, ó sì lè gbádùn ara rẹ̀. Àìsùn àti oògùn tí wọn kò lò lásìkò ló sábà máa ń fa gìrì náà lójú ọ̀nà, méjèèjì la sì lè bójú tó bí a bá ti mọ̀. Bí a bá mọ̀, a kò ní jẹ́ kó dá wọ omi, a kò sì ní fi í sórí bẹ́ẹ̀dì òkè.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń bá àwọn ọmọ girama rin irú ìrìn àjò yìí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni, a máa gun òkè, a máa wọ igbó, a sì máa fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin ṣiṣẹ́ fún abúlé tó gbà wá lálejò. Àwọn òbí a máa bi mí nípa ejò, nípa ọkọ̀, nípa oúnjẹ. Wọn kò ṣì í bi. Ṣùgbọ́n ejò kò tíì bu ọmọ kankan jẹ lọ́wọ́ mi. Ohun tó ti já àyà mi jù ni ohun tí wọ́n mọ̀ nílé tí wọn kò sọ.

Òkè Afadjato ló ga jù ní Gánà, nǹkan bíi mítà 885, lẹ́bàá ààlà Tógò. Ọ̀nà rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó dàgun láti ìsàlẹ̀ dókè, ibi tí ẹsẹ̀ ti lè sinmi kò pọ̀. A ti gùn ún dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ àyà ọmọkùnrin kan tó ń dún fíì-fíì bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ti di ejìká rẹ̀ sókè kó lè rí èémí fà. Ásímà ni. Ínhélà rẹ̀ wà nínú báàgì ní ibùsùn, torí kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i. Mo ní òmíràn nínú àpò mi, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ṣíwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù gbọ́. Ó fà á, ó tún fà á, a jókòó sídìí igi fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó lè sọ gbólóhùn kan parí. Nígbà tí mo pe bàbá rẹ̀, ó ní, "Ó ti tó ọdún méjì tó ti ṣe é kẹ́yìn, a rò pé ó ti lọ ni." Ásímà lè dákẹ́ fún ọdún méjì nílé, kí eruku, òtútù ìdájí tàbí èéfín igi ìdáná ní abúlé tún jí i.

Mo mọ ìdí tí àwọn òbí fi ń fi í pamọ́. Wárápá àti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó bá gbọ́ lónìí lè rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀rù sì tún ń bà wọ́n pé ilé-ìwé á ní kí ọmọ náà jókòó sílé. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ilé-ìwé pé kí fọ́ọ̀mù ìlera wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kó sì wá sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nìkan. Olùkọ́ kò nílò orúkọ àìsàn. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé bí lágbájá bá dákẹ́ lójijì, kí ó pè mí.

Ẹ má kan kọ "àyà máa ń dùn ún" kí ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹ kọ ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn, ohun tó máa ń fà á, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ń ṣe nílé bó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ jínótáìpù rẹ̀ láti inú èsì láàbù, kì í ṣe èyí tí ẹ rántí. Ọmọ tó jẹ́ SS lè lọ bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ òun, kò gbọdọ̀ ṣe àṣejù lórí òkè, omi tútù abẹ́ ìsun omi Wli kì í sì í ṣe tirẹ̀. Bí ara ọmọ bá kọ ẹ̀pà, ẹ pariwo rẹ̀, nítorí àwọn ará Gánà fẹ́ràn ọbẹ̀ ẹ̀pà gan-an, ẹ̀pà ọ̀hún kì í sì í hàn lójú ọbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ títọ̀ sílé náà. Mo mọ̀ pé ó ń ti yín lójú ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọbìnrin kan ṣubú lulẹ̀ lójú mi nínú oòrùn aago mẹ́wàá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló sọ fún mi pé ó ti di ọjọ́ kejì tí òun kò mu omi, kí òun má baà tọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì lójú àwọn tí wọ́n jọ ń sùn. Ká ní mo mọ̀, màá ti fún un ní igun tirẹ̀ àti aṣọ ìtẹ́sùn onírọ́bà, màá sì máa jí i lóru. Omi oníyọ̀ ni mo fi gbé e dìde. Ẹ̀yin náà lè pò ó: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má kún kọjá ẹnu, sínú lítà omi mímọ́ kan.

Oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò, mo máa ń ní kí wọ́n kó gbogbo wọn lọ gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú báàgì tí wọ́n máa gbé ní Gánà. Ìpele méje ni ìsun omi náà. Ìpele kẹta, ìkẹrin, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tó parọ́ ti ń tú, ilé kò sì tíì jìnnà nígbà náà.

Ní ti ìwé, a kò nílò físà, torí àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ààlà mẹ́ta la máa kọjá, Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao, ọmọ tí kò bá àwọn òbí rẹ̀ rìn sì gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ìyọ̀ǹda wọn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kí yẹ́lò káàdì tó ṣiṣẹ́, láti 2016 sì ni ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Aago Tógò àti Gánà fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn tiwa, fóònù á sì yí i padà fúnra rẹ̀. Nítorí oògùn àwọn ọmọ, aago ọwọ́ mi kì í kúrò ní ti Nàìjíríà.

Iṣẹ́ tí a ń lọ ṣe, ọ̀wẹ̀ ni mo máa ń pè é. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń sọ oko tí wọ́n máa ro. Ògiri tí ọmọ tí kò mú ṣọ́bìrì rí bá mọ, bíríkìlà abúlé ló máa tún un mọ bí a bá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ erùpẹ̀ sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbin ọmọ igi, kí wọ́n gbin igi, kí wọ́n kun yàrá ìkàwé, láti aago méje sí mọ́kànlá kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì wọn má sì ti kọjá àkókò. Mi ò gbà kí wọ́n pín oògùn fún ará abúlé. Èmi gan-an kì í pín in, nítorí ìwé-àṣẹ iṣẹ́ mi, Nàìjíríà ló mọ.

Ó ku omi. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsédò Akosombo ní 1965, odò tó ń ṣàn di adágún Volta, ìgbín omi pọ̀ létí rẹ̀, àtọ̀sí ajá, àìsàn tó máa ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, sì gbilẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń jáde lára ìgbín náà, ó sì ń gba awọ ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá mu omi náà. N kì í jẹ́ kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Síbẹ̀, àwọn kan ti yọ́ lọ wẹ̀ nígbà tí mo ń sùn. Àyẹ̀wò rẹ̀ máa ń mọ́yán lórí tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bá ti kọjá lẹ́yìn omi náà, oògùn rẹ̀ sì wà, praziquantel. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í léèrè bóyá ó wẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ kí ẹ tó bi í pé ẹ kò ní nà án.