Ẹ̀yin Tó Ń Padà Sórí Alùpùpù, Ọ̀rọ̀ Ìjánu Iwájú Rèé

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, irú oníbàárà kan ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọn kì í ṣe ọmọdé, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kadà jẹun. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, pásítọ̀ ni, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sílé ni: àwọn tó gun Honda tàbí Suzuki nígbà èwe, tí wọ́n ra mọ́tò, tí wọn kò sì fẹsẹ̀ kan alùpùpù mọ́ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí apá kò ká epo mọ́tò mọ́, wọ́n ra Bajaj tuntun. Bí mo bá ní kí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sí i, èsì wọn kì í yàtọ̀: "Máṣíìnì tí mo ti ń gùn kí wọ́n tó bí ọ, kí lo fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀?"

Òótọ́ ni pé ara kì í gbàgbé bí a ti ń gbé ara dúró lórí táyà méjì. Nítorí náà, n kò ní sọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àti jíà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà kò pọ̀: èyí tí ẹ fi ń wa mọ́tò kò kan alùpùpù, ìsọ̀rí A ni ti alùpùpù, kí ẹ lọ gbà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun mìíràn tí ara náà kò gbàgbé, ìyẹn àṣà fífi ìjánu ẹ̀yìn, tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nìkan dá alùpùpù dúró.

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ ènìyàn ní alùpùpù lórí pápá kan lẹ́bàá Mọníyà, n'Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni tó bá padà wá, n ó ri igi kan mọ́lẹ̀, n ó ní kó sáré 40 kìlómítà ní wákàtí bọ̀, kó sì dúró lójijì bó bá ti dé ibi igi náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún a di ọwọ́ alùpùpù mú gbagidi, àfi bíi pé irin ìjánu iwájú tó wà níwájú wọn ń jóni. Táyà ẹ̀yìn kò ní yí mọ́, yóò máa wọ́ lórí ilẹ̀, ìdí alùpùpù yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, yóò sì ti kọjá igi jìnnà kó tó dúró. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fọwọ́ kan ìjánu iwájú, wọn a ní, "Bíréèkì iwájú a máa gbéni ṣubú."

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò ni yóò fì síwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tó gùn ún ṣe ń rọ́ lọ síwájú: táyà iwájú a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ti ẹ̀yìn a fúyẹ́, táyà tó bá sì ti fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, lórí ọ̀dà gbígbẹ, ìjánu iwájú ló ń ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iṣẹ́ ìdúró. Ẹni tó ń fi ti ẹ̀yìn nìkan dúró lè jẹ ilẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sáré 60 ti ń lọ ju mítà 16 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ojú rí, ọwọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún kò sì yá tó ti ẹni ọgbọ̀n. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ìjánu yóò fi dá alùpùpù dúró di ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn tí ìjánu iwájú gbé ṣubú wà lóòótọ́. Ẹni tó já a gbà lójijì kí ìwúwo tó dé iwájú ni, tàbí ẹni tó fà á nígbà tí ó ń yí ọwọ́, tàbí lórí iyanrìn. Bí ẹni ń fún kànrìnkànrìn tó mu omi ni a ṣe ń fún un: ìka méjì, kí ẹ kọ́kọ́ fà á díẹ̀ títí iwájú yóò fi tẹ̀, kí ẹ wá máa fi agbára kún un, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún náà máa tẹ ti ẹ̀yìn wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀, epo tó ti ń kán sórí ọ̀dà jálẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ yóò léfòó, ọ̀nà yóò sì máa yọ̀. Eré ni kí ẹ dín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ ìdúró. N kò tíì rí ẹni tó ṣe ìdúró òjijì yìí ní ogún ìgbà lórí pápá mi tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Òwúrọ̀ Sátidé mẹ́ta ti tó.

Àwọn tí inú ń bí mi sí jù ni àwọn mẹkáníìkì tó ń tú wáyà ìjánu iwájú sílẹ̀ fún àgbàlagbà, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ta òògùn tí wọ́n ní ó ń dènà ìjàǹbá ni ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú akoto ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àwọn kan dé igbá sórí lọ sí títì, àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ti fi òògùn sínú akoto. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní 2008 sì ti fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìdá 69.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì wá sí pápá mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tákísí tó wà níwájú rẹ̀ dúró gbé èrò, bàbá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ, ó ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo yẹ alùpùpù rẹ̀ wò nínú àgbàlá. Mo fa ìjánu iwájú, kò kúrò lójú kan ju ìwọ̀n èékánná lọ. Òǹdè kan, awọ dúdú tó nípọn tó àtàǹpàkò, ni wọ́n fi òwú pupa dì sáàárín irin ìjánu àti ọwọ́ alùpùpù. Ẹni tó tà á fún bàbá ló ní ọwọ́ ọ̀tún ni kó so ó mọ́.

Àwọn ará ilé ní òǹdè náà ni kò jẹ́ kí bàbá kú. Mo gbé akoto rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́: ọ̀dà títì ti bó o láti iwájú orí dé ibi etí, ó jìn débi pé ìka wọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọhùn.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, bàbá padà wá fúnra rẹ̀. Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó gé òwú pupa náà, ó sì fi òǹdè sí àpò. Lọ́jọ́ náà, ìṣísẹ̀ 29 ló fi kọjá igi kó tó dúró. Ní Sátidé kẹta, a jọ kà á, ìṣísẹ̀ 14 ni.