Bí eré orí tẹlifíṣàn ṣe ń wọ inú èrò èèyàn

Bí olóṣèlú bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú gbọ̀ngán Màpó n'Íbàdàn, kó tó sọ gbólóhùn méjì, àwọn tó ń gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ìbò ló ń wá. Wọ́n á máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà bá jáde lẹ́nu ìyá àgbà inú eré lálẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣa nǹkan kan mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á rí ọmọ tó sọnù. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkàn lọ, iyàn ò rí ààyè.

Ẹ wo pálọ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Ọlọ́pàá inú eré na ọwọ́, ó gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí dá ọwọ́ dúró: "Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ẹnì kan ló jókòó kọ ọlọ́pàá yẹn sínú eré, síbẹ̀ ó ti di ẹ̀rí. Lọ́jọ́ tí olè bá ja ìyá náà, ó lè má dé àgọ́ ọlọ́pàá rárá.

Kì í ṣe eré kan ṣoṣo ló ń ṣe é, àwòtúnwò ni. George Gerbner, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn púpọ̀ máa ń ka ayé sí ibi eléwu ju àwọn tí kì í wò ó púpọ̀ lọ.

Ohun tó jinlẹ̀ jù ni pé eré lè má yí ìgbàgbọ́ èèyàn padà, kó sì yí ohun tó rò pé àwọn yòókù fara mọ́. Ní Rùwáńdà, wọ́n fi eré orí rédíò wá ìlàjà lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994. Ìwádìí tó jáde ní 2009 fi hàn pé ìgbàgbọ́ àwọn olùgbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, àmọ́ èrò wọn nípa ohun tí àwùjọ gbà láàyè yí padà, ìwà wọn náà sì yí. Bí ọkọ inú eré bá ń ro àmàlà, tí ará àdúgbò ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran lè ṣì máa sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ṣùgbọ́n kò ní fi aládùúgbò tirẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà mọ́.

Àwọn aláṣẹ mọ agbára yìí. Tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de òṣèré tíátà Hubert Ogunde nítorí Yorùbá Ronú, eré orí ìtàgé lásán.

Ibi tí èèyàn ò bá ti ní ìrírí tirẹ̀ ni eré ti ń rí ààyè jù. Hausa inú eré wa sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì, tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹni tó ń ná ọjà ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa n'Íbàdàn tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1916, mọ oníṣòwò láàárín wọn, ó mọ àfáà, ó mọ ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà ní yunifásítì. Ẹni tí kò débẹ̀ rí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì yẹn nìkan ló mọ̀. Òun náà ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò.