Sọ́ọ̀bù tó ń tọrẹ tó tún ń ya fọ́tò: ṣé sàráà ni àbí ìpolówó?

Tí December bá ti ń sún mọ́lé báyìí ni àwọn ìbéèrè yìí máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn onísọ́ọ̀bù, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn oní pure water, àwọn tó ní kẹ́místì, wọ́n mọ̀ pé mo máa ń bá wọn to sítọ́ọ̀ ní ilé ọmọ aláìlóbìí kan níbí n'Ìbàdàn, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́ a fẹ́ ṣe nǹkan fún àdúgbò, ṣùgbọ́n a ò mọ bó ṣe yẹ ká ṣe é, a ò sì fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé torí àtitajà la ṣe ń ṣe é. Mo kó àwọn tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn tọrẹ kó tún gbé e síta? Bíbélì ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni, Mátíù 6:3 ló wà. Àwọn Mùsùlùmí náà ní hàdíìsì tó fara jọ ọ́, pé ara àwọn èèyàn méje tí Ọlọ́run máa fi sábẹ́ ìbòòji rẹ̀ ni ẹni tó ṣe sàráà ní ìkọ̀kọ̀ débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ò mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ná. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka Kùránì 2:271, ibẹ̀ ló ti sọ pé tẹ́ ẹ bá ṣe sàráà ní gbangba ó dáa, tẹ́ ẹ bá wá fi pamọ́ tẹ́ ẹ sì kó o fún aláìní, ìyẹn ló dáa jù fún yín. Torí náà gbangba fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ̀ pátápátá wà ní 2:264, pé ká má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́. Àwọn bàbá wa náà ti sọ ọ́: ẹni tó ṣoore tó wá lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn o. Ilé-iṣẹ́ lè sọ fún ayé pé òun ṣe nǹkan, kò sí wàhálà níbẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí sọ́ọ̀bù kejì náà ronú pé òun lè ṣe é. Ohun tí kò dáa ni kó jẹ́ pé ojú ẹni tó gba nǹkan lẹ fi ń polówó.

Kí ni bísínẹ́ẹ̀sì ń rí níbẹ̀ gan-an?

Ó ń rí nǹkan, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ní 1983 ní Amẹ́ríkà, American Express, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì ìsanwó, sọ pé gbogbo ìgbà tí kọ́sítọ́mà bá lo káàdì àwọn, àwọn á fi sẹ́ǹtì 1 sílẹ̀ fún àtúnṣe ère Statue of Liberty, tí ẹni tuntun bá gba káàdì, dọ́là 1. Mílíọ̀nù 1.7 dọ́là ni wọ́n rí kó jọ láàárín oṣù mélòó kan, lílo káàdì wọn náà sì lọ sókè gidi gan-an. Àtìgbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé ti ń sọ pé "tó o bá ra tiwa, apá kan á lọ fún àánú".

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì. Ní 1999, Philip Morris tó ń ṣe sìgá fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là ṣe ìtọrẹ, ó wá ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 láti polówó pé òun tọrẹ. Títí dòní, tí wọ́n bá dárúkọ ìtọrẹ yẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn làwọn èèyàn ń rántí, wọn ò rántí ẹni tí wọ́n fún. Torí náà, ìmọ̀ràn mi fún sọ́ọ̀bù kékeré ni pé tí owó fọ́tò, bánà, dírónù àti ti MC bá ti ń sún mọ́ owó nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tún un ṣírò.

Fún àwa tá a wà ládùúgbò, ohun tó máa ń mú èrè wá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ póòsì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọmọ yẹn, àwọn olùkọ́ wọn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń wá síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń ra búrẹ́dì, tí wọ́n bá ti rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé búrẹ́dì yín ń wọ ibẹ̀, wọ́n á mọ̀ yín.

Fọ́tò àwọn ọmọ ńkọ́? Tá ò bá fi hàn, ta ló máa gbà pé a lọ?

Ẹ má ya ojú ọmọ. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn èèyàn torí fọ́tò ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú Indomie lọ́wọ́ ló máa ń ní láìkì jù, àmọ́ ẹ rò ó wò. Ọmọ ọdún 7 tẹ́ ẹ gbé síta lónìí, tó bá pé ọmọ ọdún 20 tó wà ní yunifásítì, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa wá fọ́tò yẹn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "ìwọ rèé láàárín àwọn ọmọ aláìlóbìí". Ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní abala 8 fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ ọ̀ràn ara ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá sì ti sọ òfin yẹn di tiwọn. Ó tún láwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lù wọ́n tàbí tó ń ṣe wọ́n níṣekúṣe, ẹni yẹn sì ṣì lè máa wá wọn kiri, fọ́tò yín ló máa júwe ilé fún un.

Ohun tẹ́ ẹ lè yà pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ yín tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, àpò ìrẹsì nínú sítọ́ọ̀, orùlé tẹ́ ẹ tún ṣe kẹ́ ẹ tó tún un àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ tún un tán, mátírọ́ọ̀nù tó ń fọwọ́ sí ìwé tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa gbà yín gbọ́ á gbà yín gbọ́ pẹ̀lú ìyẹn.

Kí ló yẹ ká gbé lọ?

Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n! Ìbéèrè tó rọrùn jù nìyí, òun náà sì ni wọn kì í béèrè. Ní December, sítọ́ọ̀ tí mo sọ yẹn máa ń kún dé àjà, ìrẹsì, Indomie, bísíkíìtì, mílíìkì, ibòmíì tiẹ̀ wà tí wọ́n ń wá àyè tí wọ́n máa gbé e sí tí eku ò ní jẹ ẹ́. Tó bá wá di February, March, gbogbo ẹ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí ní congo congo. Àwọn ohun tó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn jù ni ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀: dísù jẹnẹrétọ̀, owó iná, owó oṣù àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ jòjòló lóru, páḿpásì, oògùn ibà, owó WAEC àti JAMB, ẹ̀rọ bóhò tó bàjẹ́, ọkọ̀ tí kò ní táyà.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ní mo fẹ́ ná 300,000 náírà, èmi á ní ẹ pín in sí 25,000 lóṣooṣù kó gbé yín dé òpin ọdún. Oníbúrẹ́dì tó ń gbé búrẹ́dì 20 lọ ní gbogbo ọjọ́ Tuesday láìsí ariwo ṣe wọ́n lóore ju ẹni tó kó páálí 100 wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé wọ́n lè fi tiẹ̀ ṣètò oúnjẹ. Oníkẹ́místì lè sọ pé gbogbo oògùn ibà ọmọ ibẹ̀ lọ́dún yìí ọrùn mi ló wà. Ẹlẹ́rọ lè máa tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, télọ̀ lè rán yunifọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ẹ̀bùn tó kéré jù lówó fún yín, tó sì wọ́n jù lọ́wọ́ tiwọn.

Nǹkan tí ọjọ́ lílò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló kù, ẹ má gbé e lọ fọ́mọ. Tó bá ṣì ní oṣù mélòó kan tí ẹ ò rí i tà, ẹ sọ òótọ́ fún wọn kí wọ́n fúnra wọn yàn. Ní Èkó, Lagos Food Bank Initiative tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó pín in fún aláìní, ẹni tó ní púpọ̀ lè kọ́kọ́ bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

A fẹ́ pín ìrẹsì níwájú sọ́ọ̀bù wa, ká kéde ẹ̀ lórí rédíò kí èrò pọ̀. Ó dáa àbí?

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín. Ní 18 December 2024, ní Islamic High School ní Baṣọ̀run n'Ìbàdàn níbí, ọmọ 35 ló kú níbi ayẹyẹ ọmọdé tí wọ́n ti kéde pé wọ́n máa fún àwọn ọmọ lówó àti ẹ̀bùn. Àwọn òbí ti ń gbọ́mọ wá síbẹ̀ láti òru ọjọ́ tó ṣáájú kí géètì tó ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 21 December, èèyàn 10 tún kú ní Abuja níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pín oúnjẹ, lọ́jọ́ yẹn kan náà èèyàn 22 kú ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra lórí ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo o. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi nínú àwọn tó ṣe é, ebi ló ń pa àwọn èèyàn, tẹ́bi bá sì ń pa èèyàn tí wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa rí gbà, kò ní tò sórí ìlà.

Èrò tó pọ̀ níwájú sọ́ọ̀bù kì í ṣe àmì pé ẹ ṣe dáadáa, ewu ni. Ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ baálẹ̀, lọ́wọ́ ìmáàmù, lọ́wọ́ pásítọ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, kí ẹrù kúkú lọ bá wọn nílé tàbí kí adúgbò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tiẹ̀. Tó bá ti tán kẹ́ ẹ wá gbé e sórí Facebook, lẹ́yìn tó ti tán o, kì í ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ó máa dín owó orí wa kù?

Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, rárá. Òfin owó orí ilé-iṣẹ́ tá a lò títí di òpin 2025 gbà kí ilé-iṣẹ́ yọ ìtọrẹ kúrò nínú èrè tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé lórí, ṣùgbọ́n àwọn àjọ tí orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ òfin yẹn nìkan ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè lọ. Àpò ìrẹsì tẹ́ ẹ gbé fún ilé ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ò kà. Àti pé láti ìgbà Finance Act 2019, ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá tó mílíọ̀nù 25 náírà kò tiẹ̀ san owó orí yẹn rárá títí di òpin 2025, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 náà sì ṣì yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akáńtáǹtì yín, ẹ sì tọ́jú risíìtì.

A fẹ́ kọ ọ́ sára búrẹ́dì pé "apá kan nínú owó yìí wà fún àwọn ọmọ aláìlóbìí".

Apá wo? Èló? Ilé wo? Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba orúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Peckham tàbí ibikíbi ní England, òfin ló dè é níbẹ̀: Charities Act 1992 ní kí ẹni tó ń tajà tó sì ń sọ pé owó ẹ̀ ń lọ fún àjọ aláàánú ní àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àjọ yẹn, kó sì sọ iye tó ń lọ fún wọn. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 kọ irọ́ àti ọ̀rọ̀ tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà lórí ọjà. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ ká dúró de òfin. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "50 náírà lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, láti 1 sí 31 October, ilé báyìí báyìí ló ń lọ." Tó bá di November, ẹ lẹ iye tó jẹ́ àti risíìtì ilé yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù.

Báwo la ṣe máa mọ ilé tó jẹ́ òótọ́?

Ẹ wo orúkọ wọn lórí wẹ́ẹ̀bù CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ tó fún wọn láṣẹ láti gba ọmọ hàn yín, ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àkáǹtì báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orúkọ ilé, kì í ṣe ti mátírọ́ọ̀nù. Tí wọ́n bá ń bínú torí ẹ béèrè, ẹ máa lọ ibòmíì.

A gbé fírísà lọ, wọn ò tiẹ̀ póòsì orúkọ wa. Ó dùn wá gan-an.

Mo gbọ́, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀? Ilé tó ní ọmọ 40 àti òṣìṣẹ́ mẹ́fà ò ní ẹni tó ń bójú tó Facebook. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ́tà ìdúpẹ́ tàbí kí wọ́n lẹ orúkọ yín mọ́ fírísà yẹn, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde nílé, wọ́n á sọ fún yín bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Ẹ fúnra yín náà lè póòsì ẹ̀, tiyín ni. Èyí tó wá kù ni kẹ́ ẹ pè wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ béèrè bóyá fírísà yẹn ń ṣiṣẹ́, torí tí kò bá síná ládùúgbò yẹn, ó lè jẹ́ aṣọ ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀, kó sì jẹ́ pé owó dísù ni wọ́n nílò lọ́wọ́ yín báyìí.